Bàbá, N Kò Wọ Ilé Ẹ̀kọ́ Ìṣègùn Rí

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Orí ìkúnlẹ̀ ni mo wà kí n tó mú bírò. Màmá mi, ẹ kú ilé, ẹ kú ìdúróti, ẹ kú bí ẹ ṣe ń bá mi gba ọ̀rọ̀ sọ lójú àwọn aládùúgbò. Ẹ̀gbọ́n mi Sẹ̀kínà, ẹ kú iṣẹ́ olùkọ́ ní Awo, ẹ kú wàhálà ọ̀nà láàárọ̀ àti nírọ̀lẹ́. Àǹtí Rábì, àbúrò bàbá mi, ẹ̀yin tí ẹ pọ̀n mí títí mo fi mọ òórùn ẹ̀yìn yín ju ti ìyá mi lọ, ẹ kú ewu. Ẹ kú ìnira. Ọlọ́run kò ní jẹ́ ká tún rí irú rẹ̀. Ẹ kú òjò àkọ́rọ̀, gbogbo ilé pátá. Níbí, yìnyín ṣì wà nílẹ̀ o. Wọ́n ní ó ti ń yọ́, èmi kò tíì rí i.

Bàbá, ẹ má bínú pé inú ìwé ìròyìn lẹ ti ń ka ọ̀rọ̀ ọmọ yín. Oṣù mẹ́ta rèé tí ẹ kò gbé ìpè mi. Mo kọ̀wé sórí Wásáàpù, ẹ kò ṣí i. Mo bẹ Màmá kí wọ́n gbé fóònù fún yín, wọ́n ní ẹ ń kírun, wọ́n ní ẹ ti jáde, wọ́n ní oorun ti gbé yín lọ. Màmá kò mọ irọ́ pa. Mo ń gbọ́ yín lẹ́yìn wọn tí ẹ ń húkọ́. Ṣùgbọ́n mo mọ̀ pé kò sí ọ̀sẹ̀ tí ẹ kì í rìn lọ sọ́dọ̀ ọkùnrin tó ń ta ìwé ìròyìn ní Òkè-Gada nílùú Ẹdẹ, ẹ óò ra ti Yorùbá, ẹ óò sì kà á láti òkè dé ìsàlẹ̀ títí kan ìkéde òkú. Ìdí tí mo fi gba ibí wá nìyẹn. Àti pé ìgboro ni irọ́ mi ti jáde, kò yẹ kí òótọ́ rẹ̀ gba ẹ̀yìnkùlé wọlé.

Ẹ̀yin lẹ fi ọ̀rọ̀ ìṣègùn sí mi lọ́kàn, bóyá ẹ tilẹ̀ ti gbàgbé. Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni mí. Bàọ́lọ́jì lẹ ń kọ́ àwọn ọmọ girama nígbà náà, ẹ wá gbé ọ̀pọ̀lọ́ kan wálé láti fi dánra wò kí ilẹ̀ ọjọ́ kejì tó mọ́. Ẹ dá a dùbúlẹ̀ sórí páálí lẹ́yìn ilé, ẹ fi abẹ là á. Màmá ń pariwo láti ilé ìdáná pé ọ̀pọ̀lọ́ yẹn kò gbọ́dọ̀ kọjá lẹ́bàá odó òun. Ẹ fà mí mọ́ra, ẹ ní kí n má gbójú kúrò, kí n wo nǹkan pupa kékeré tó ń lù kí-kí-kí láàárín àyà rẹ̀. Mo bi yín pé ta ló ń tì í. Ẹ gbé abẹ sílẹ̀, ẹ wò mí, ẹ sì ké sí Màmá pé kí wọ́n wá gbọ́ ìbéèrè tí dókítà bi yín. Ọjọ́ yẹn ni orúkọ náà ti bẹ̀rẹ̀.

Ìgbà tí mo ṣe ìdánwò yunifásítì nílé lẹ́ẹ̀mejì, tí wọn kò fún mi ní ìṣègùn, tí wọ́n ní kí n lọ kọ́ bí wọ́n ṣe ń sin ẹja, ẹ̀yin lẹ ní ẹja kọ́ ni ẹ bí mi fún. Ọkùnrin tó ń báni ṣe ìwé ìrìnnà ní Òṣogbo sọ fún wa pé kí n ka bàọ́lọ́jì ọdún mẹ́rin ní Kánádà, pé lẹ́yìn rẹ̀ n óò kàn rọra bọ́ sí ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn bí ẹni kúrò ní pálọ̀ bọ́ sí yàrá. Kò sẹ́nì kankan nínú wa tó bi í bóyá ilẹ̀kùn wà láàárín pálọ̀ àti yàrá ọ̀hún, bóyá wọ́n sì tì í. Owó Mẹ́kà yín lẹ kó jáde. Ó ti kàn yín láti lọ lọ́dún náà. Ẹ ní Káábà kò ní ṣí kúrò níbi tó wà, ṣùgbọ́n ọjọ́ orí ọmọ kì í dúró deni. Gbogbo àwọn tí ẹ jọ fẹ́ lọ ti di Alájì. Tíṣà ni wọ́n ń pe ẹ̀yin.

Ọdún kejì tí mo débí ni mo mọ̀ pé ilẹ̀kùn wà. Obìnrin kan wà nílé ẹ̀kọ́ wa tí iṣẹ́ rẹ̀ jẹ́ láti máa gba àwọn akẹ́kọ̀ọ́ nímọ̀ràn. Mo wọlé tọ̀ ọ́, mo fẹ́ bi í nípa ìwé tí mo máa kà fún ìdánwò ìṣègùn. Ó bi mí bóyá ọmọ ìlú wọn ni mí. Mo ní rárá. Ó bi mí bóyá mo ti gba ìwé ìgbélùú. Mo ní ìwé akẹ́kọ̀ọ́ ni mo ní. Ó yí ojú kọ̀ǹpútà rẹ̀ sí mi, ó ń fi ìka tọ orúkọ àwọn ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn lọ lọ́kọ̀ọ̀kan: èyí kò gba àlejò, èyí kò gba àlejò, tọ̀hún náà kò gbà. Nígbà tó kà dé ìsàlẹ̀, méjì péré ló kù tó sọ pé ó máa ń wo ìwé àwa tí a ti òkèèrè wá, ìyẹn náà, ìwọ̀nba èèyàn bíńtín. Ó bi mí pé ṣé kò sẹ́ni tó sọ fún mi kí n tó kúrò nílé ni. Kí n tó dáhùn ó ti na bébà ìnujú sí mi. N kò tilẹ̀ mọ̀ pé omi ti ń bọ́ lójú mi.

Nígbà tí mo jáde, mo lọ dúró níbi tí bọ́ọ̀sì ti ń gbé èèyàn. Bọ́ọ̀sì mẹ́ta ló dúró níwájú mi, tó ṣílẹ̀kùn, tó pa á dé, tó lọ. N kò wọ ọ̀kankan. Mo ń rò ó pé bí mo bá padà sílé, kí ni mo fẹ́ kó lé yín lọ́wọ́? Bí mo bá sì dúró, kí ni mo ń dúró dè?

Mo dúró. Mo ka bàọ́lọ́jì náà parí. Mo ṣe ìdánwò tí wọ́n ń ṣe kí wọ́n tó wọ ìṣègùn, mo sì yege dáadáa, òótọ́ ni èyí, mo lè fi èsì rẹ̀ hàn yín. Mo kọ ìwé ìbéèrè sí ilé ẹ̀kọ́ méjèèjì. Ọ̀kan dá mi lóhùn láàárín ọ̀sẹ̀ kan pé kò ṣeé ṣe. Èkejì ní kí n wá kí àwọn fọ̀rọ̀ wá mi lẹ́nu wò lórí kọ̀ǹpútà. Ọjọ́ tí ìwé yẹn wọlé ni mo pè yín. Màmá ló gbé e. Mo ní, “Màmá, wọ́n ti pè mí o!” Ohun tí mo fẹ́ sọ tẹ̀ lé e ni pé wọ́n pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Màmá kò jẹ́ kí n parí ẹ̀. Wọ́n ti kígbe “Aláhù Akibárù”, wọ́n ti sáré bọ́ sí ìta, mo ń gbọ́ bí wọ́n ṣe ń sọ fún ìyàwó ojúlé kejì pé wọ́n ti pè é, wọ́n ti pe ọmọ òun sí ìṣègùn.

Mo jókòó, mo gbé fóònù sétí. Mo lè tún un ṣe nígbà náà. Mo sọ fún ara mi pé ọ̀sẹ̀ mélòó kan ló kù tí yóò di òótọ́, kí ni mo fẹ́ ba ayọ̀ wọn jẹ́ fún? Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, ẹgbẹ́ Àsàlátù Màmá ti ṣàdúà fún mi, ẹ ti pa àgbò, Sẹ̀kínà ti fi fọ́tò ránṣẹ́. Ẹ̀yin náà wà nínú fọ́tò yẹn pẹ̀lú fìlà tuntun, ẹ ń rẹ́rìn-ín. N kò rí ẹ̀rín yẹn lójú yín rí. Ìgboro sì ti sọ yín lórúkọ: Tíṣà ti di Bàbá Dókítà.

Ní ti ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò náà, ó lọ dáadáa. Dókítà àgbà kan bi mí ìdí tí mo fi fẹ́ ṣe iṣẹ́ yìí, mo sọ ti ọ̀pọ̀lọ́ yẹn fún un, ó rẹ́rìn-ín, ó ní òun ì bá fẹ́ kí òun mọ bàbá mi. Wọ́n kọ̀wé sí mi pé àwọn fẹ́ mi. Wọ́n wá ní kí àwọn tó lè di àyè náà mú fún mi, kí n fi hàn pé owó ilé ẹ̀kọ́ gbogbo ọdún tí n óò lò wà ní báńkì, lódidi, lẹ́ẹ̀kan náà. Bí ẹ bá ta ilé wa, tí ẹ ta ṣọ́ọ̀bù Màmá tòun ti gbogbo òwú àti bọ́tìnnì inú rẹ̀, kò lè dé ìdajì rẹ̀. Mo bẹ̀ wọ́n. Mo wá báńkì tó lè yá mi, wọ́n ní ta ni yóò ṣe onídùúró, wọ́n ní ọmọ ìlú ni kó jẹ́. Ọjọ́ tí wọ́n dá pé. Wọ́n gbé àyè mi fún ẹlòmíràn.

Mo wá di ẹni tó ń ṣiṣẹ́ nílé àwọn arúgbó. Mo ń wẹ̀ wọ́n, mo ń fún wọn lóúnjẹ, mo ń yí wọn padà lórí ibùsùn kí ara wọn má baà dégbò. Iṣẹ́ gidi ni, Bàbá, n kò tijú rẹ̀. Ìyá arúgbó kan wà níbẹ̀ tí kì í jẹun bí kò bá gbọ́ ohùn mi. Ṣùgbọ́n aṣọ tí a ń wọ̀ síbi iṣẹ́ jọ ti dókítà. Lọ́jọ́ kan Màmá pè mí pẹ̀lú fídíò, wọ́n rí aṣọ náà lọ́rùn mi, wọ́n sì ya àwòrán rẹ̀ kí n tó wí nǹkan kan. Láàárín wákàtí kan, gbogbo ẹni tó ní nọ́ńbà Màmá ti rí “Dókítà wa lẹ́nu iṣẹ́.” Mo wò ó títí. N kò ní kí wọ́n yọ ọ́.

Ìsàlẹ̀ ilé ni yàrá mi wà, abẹ́ ilẹ̀ ni ká kúkú pè é. Òkè lọ́hùn-ún ni fèrèsé rẹ̀ wà, bàtà àwọn tó ń kọjá nìkan ni mo ń rí. Bí yìnyín bá wá pọ̀, á bo fèrèsé náà, n kò ní rí bàtà pàápàá. Ojoojúmọ́ ni mo ń lọ síbi iṣẹ́ tí mo ń bọ̀ wá síbẹ̀. Mo ti kọ̀wé fún ìwé ìgbélùú, èsì kò tíì dé. Fíísà tí mo fi wọlé ti kú. Ìwé iṣẹ́ tí mo ní gbà mí láàyè láti wà níbí, ṣùgbọ́n bí mo bá fẹsẹ̀ kan jáde, ó di kí n tún tọrọ fíísà tuntun kí n tó wọlé, wọ́n sì lè ní àwọn kò fún mi. Bí mo bá wà níbí, n kò lè kàwé tí mo wá kà. Bí mo bá kúrò, gbogbo ọdún tí mo ti lò di òfo. Ẹ̀yin tí ẹ ń sọ pé kí ló dé tí n kò tíì wá kí ilé, ìdí rẹ̀ nìyẹn.

Nínú ìyẹn náà, àìsàn ń wọlé sórí fóònù mi láti Ẹdẹ. Ẹni ibà, ẹni ìdí ríro, ẹni tí ọmọ rẹ̀ kò tètè rìn. Mo máa ń ní kí wọ́n lọ sílé ìwòsàn, ọ̀pọ̀ ń lọ. Àǹtí Rábì ni kò lọ.

Ọyẹ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ mú nígbà tí wọ́n fi fọ́tò ẹsẹ̀ wọn ránṣẹ́. Abẹ́rẹ́ ẹ̀rọ ìránṣọ wọn ló já bọ́ tó gún wọn lọ́mọ ìka ẹsẹ̀, ojú rẹ̀ kò sì jinná. Mo mọ ohun tí mo rí, Bàbá. Mo ti rí irú egbò bẹ́ẹ̀ lẹ́sẹ̀ àwọn arúgbó tó ní ìtọ̀ ṣúgà. Mo ní kí wọ́n lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ wò. Wọ́n rẹ́rìn-ín. Wọ́n ní ṣé òun tí òun ní dókítà nílé ni yóò lọ jókòó sórí bẹ́ǹṣì láti àárọ̀, kí n sáà dárúkọ oògùn. Mo tún un sọ pé kí wọ́n lọ. Wọ́n wá bi mí, ẹ̀rín náà ni wọ́n fi bi mí, pé kí ni wọ́n wá ń kọ́ mi níbẹ̀ tí n kò fi mọ oògùn egbò.

Ibẹ̀ ni ẹ̀ṣẹ̀ mi wà. Ẹ̀rù bà mí pé bí n kò bá dárúkọ nǹkan, wọn yóò wá ìdí rẹ̀ kàn. Mo dárúkọ oògùn kan. Mo ní kí wọ́n máa fi omi iyọ̀ fọ̀ ọ́. Mo pa fóònù, mo lọ síbi iṣẹ́, mo fọ egbò ẹlòmíràn. Mo gbọ́ lẹ́yìn náà pé ọkọ wọn, Bàbá Wàsíù, mú ọlọ́kadà wá lẹ́ẹ̀mejì láti gbé wọn lọ sílé ìwòsàn. Ẹ̀ẹ̀mejèèjì ni Àǹtí Rábì lé e padà. Wọ́n ní Dókítà ti sọ̀rọ̀.

Ní Ọjọ́bọ̀ kan, ọ̀sán ni lọ́dọ̀ mi, ìrọ̀lẹ́ lọ́dọ̀ yín, Sẹ̀kínà pè mí pẹ̀lú fídíò. Mo wà níbi tí a ti ń fọ aṣọ àwọn arúgbó. Sẹ̀kínà gbé fóònù sún mọ́ ẹsẹ̀ náà, ó ti dúdú dé ọrùn ẹsẹ̀. Àǹtí Rábì ń mì, wọn kò mọ ẹni tó wà lọ́dọ̀ wọn mọ́. Ẹ gba fóònù lọ́wọ́ Sẹ̀kínà. Ẹ ní, “Dókítà, gbogbo wa ti pé síbí. Ohun tí o bá ní ká ṣe la máa ṣe.”

Mo ní, “Bàbá, n kì í ṣe dókítà.”

Ẹ rò pé nẹ́tíwọ́ọ̀kì ni. Ẹ ní kí n tún un wí. Mo tún un wí. Mo ní n kò wọ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn rí, arúgbó ni mo ń wẹ̀, kí ẹ gbé Àǹtí Rábì lọ sílé ìwòsàn ńlá ní Òṣogbo nísinsìnyí, kí ẹ sọ fún wọn pé ó jọ ìtọ̀ ṣúgà, kí ẹ má dúró mú aṣọ. Mo gbọ́ tí ẹnì kan ń bi ẹnì kejì pé kí ló wí. Mo gbọ́ igbe Màmá. Lẹ́yìn náà mo gbọ́ ohùn yín, ẹ ní kí Bàbá Wàsíù lọ pe onímọ́tò kíá. Fóònù kú. Ẹ kò bá mi sọ̀rọ̀ mọ́ láti ìgbà náà.

Wọ́n gé ọmọ ìka mẹ́ta kúrò lẹ́sẹ̀ ọ̀tún Àǹtí Rábì, ẹsẹ̀ tí wọ́n fi ń tẹ ẹ̀rọ. Dókítà gidi tó tọ́jú wọn sọ fún Sẹ̀kínà pé ká ní wọ́n tètè wá ni, oògùn nìkan ni ì bá tó. Ó tún ní ká ní ilẹ̀ ọjọ́ kejì mọ́ bá wọn nílé, òkú ni wọn ì bá gbé wá. Mo ń gbé gbólóhùn méjèèjì kiri. N kò mọ èwo ni kí n gbé sílẹ̀.

Nígbà tí wọ́n dá wọn sílẹ̀ nílé ìwòsàn, àwọn fúnra wọn ló pè mí. Mo ti múra sílẹ̀ fún èpè. Wọ́n bi mí bóyá mo ti jẹun. Lẹ́yìn náà wọ́n ní àwọn ò ní parọ́ fún mi, inú ń bí àwọn, sílípáàsì kì í dúró lẹ́sẹ̀ àwọn mọ́, ìgbàkigbà tó bá yọ ni inú ń bí àwọn. Wọ́n ní àwọn ti ń fi ẹsẹ̀ òsì tẹ ẹ̀rọ, ó sì ń rán wọ́gọwọ̀gọ bí ọ̀nà ọ̀mùtí. Wọ́n wá bi mí pé ta ló wà lọ́dọ̀ mi ní gbogbo ọdún tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ yìí dání. Mo ní kò sí. Ẹkún ni àwa méjèèjì sun títí káàdì fi tán. Nígbà tí wọ́n tún pè, wọ́n ní kí n kọ ọ́ síbi tí ẹ óò ti rí i kà, kí n má sì fi orúkọ àwọn pamọ́.

Sẹ̀kínà sọ fún mi pé ẹ kì í lọ sí mọ́sálásí iwájú ilé mọ́, pé òpópónà kejì lẹ ń lọ kírun, nítorí àwọn kan ṣì ń kí yín ní Bàbá Dókítà, àwọn mìíràn sì ń mọ̀ọ́mọ̀ kí yín bẹ́ẹ̀. Bàbá, ìyẹn ń dùn mí ju gbogbo yìnyín yìí lọ. Ẹ̀yin tó kó owó Mẹ́kà yín jáde, ẹ wá di ẹni tó ń yẹra fún ilé Ọlọ́run tó wà lẹ́nu ọ̀nà rẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ padà síbẹ̀. Èmi ni mo parọ́. Ẹ̀yin kò parọ́ fún ẹnikẹ́ni.

N kò lè ṣèlérí pé n óò di dókítà. Mo ṣì fẹ́ ẹ, bí mo bá ní n kò fẹ́ ẹ mọ́, mo tún ti bẹ̀rẹ̀ nìyẹn. Èsì ìwé ìgbélùú lè dé lọ́dún yìí, ó lè má dé. Bí ẹnikẹ́ni nílé bá ní ọmọ tó fẹ́ gba ọ̀nà tí mo gbà, ẹ jẹ́ kó kọ́kọ́ béèrè lọ́wọ́ ilé ẹ̀kọ́ ìṣègùn fúnra rẹ̀ bóyá wọ́n ń gba àlejò, kó má béèrè lọ́wọ́ ẹni tó fẹ́ gbowó ìrìnnà lọ́wọ́ rẹ̀. Ẹ̀yin aládùúgbò tí mo gbà nímọ̀ràn, ẹ foríjì mí, ẹ lọ jẹ́ kí dókítà yẹ̀ yín wò.

Ẹ bá mi kí Bàbá Wàsíù àti àwọn ọmọ. Ẹ kí àwọn ìyá Àsàlátù, ẹ ní àdúà tí wọ́n ṣe kò lọ lásán, mo ṣì wà láàyè. Màmá, kí Ọlọ́run fi ẹ̀mí gígùn san án fún yín. Àǹtí Rábì, ẹsẹ̀ yín kò ní jẹ́ ẹsẹ̀ ìrora mọ́.

Bàbá, n óò pè yín lọ́jọ́ Jímọ̀, lẹ́yìn ìrun ọ̀sán. Bí ẹ kò bá ní nǹkan tí ẹ fẹ́ sọ, ẹ má sọ nǹkan kan. Ẹ sáà gbé e, kí n gbọ́ ikọ́ yín láìgba ẹ̀yìn Màmá.

Èmi ni Bàrákátù, ọmọ yín.